Àdúgbò Kan, Ìgbàgbọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Ènìyàn Ṣe Lè Rí Àwùjọ Tí Ó Bá A Mu

Ẹ̀yin olùgbọ́ ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òde-Ìrèlè dé Ìgbótako, láti Ìkòyà dé Ìlútítun, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ, Àpóì àti Àrògbò tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Kókó ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí ni ipò tí ènìyàn máa ń bá ara rẹ̀ nígbà tí ohun tí ó gbà gbọ́ bá yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó yí i ká, àti ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà rí àwùjọ tí yóò bá a mu, láìsọ ara rẹ̀ di ọ̀tá ilé tí a bí i sí. Ọ̀rọ̀ náà kan Kìrìsìtẹ́nì, ó kan Mùsùlùmí, ó kan oníṣẹ̀ṣe, ó sì kan ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, nítorí pé kò sí ìgbàgbọ́ tí ó pọ̀ jù lọ níbi gbogbo, àti pé ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó pọ̀ ní Òkìtìpupa lónìí lè di ara àwọn tí ó kéré lọ́la bí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìn, ó yẹ kí a la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní ni ìgbàgbọ́. Ohun tí a ń pè ní ìgbàgbọ́ níhìn-ín ni ohunkóhun tí ọkàn ènìyàn dì mú gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, tí kò sì lè ṣe lòdì sí kí ọkàn rẹ̀ má dá a lẹ́bi, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀sìn, ìbáà jẹ́ ti ìwà. Èkejì ni àwùjọ, èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pa pọ̀ mọ́ àdúgbò bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Àdúgbò ni àwọn tí ilé wọn súnmọ́ra, tí wọ́n jọ ń gba ojú ọ̀nà kan, tí wọ́n sì jọ ń pọn omi kan náà. Àwùjọ ni àwọn tí ọkàn wọn súnmọ́ra, tí wọ́n lè bára wọn sọ ohun tí ó wà nínú wọn láìbẹ̀rù. Ilẹ̀ ni ó ń so àdúgbò pọ̀, ọkàn ni ó ń so àwùjọ pọ̀, nígbà tí méjèèjì bá sì wà fún ènìyàn lójú kan náà, ayé rẹ̀ máa ń tòrò. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ní àdúgbò ṣùgbọ́n tí kò ní àwùjọ.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìgbàgbọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀? Rárá o. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, wọ́n sì tún sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà fara mọ́ ọn, nítorí pé abala 38 inú rẹ̀ fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, ó sì fi ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn padà kún un, nígbà tí abala 40 fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́. Òwe gbà á láyè, òfin sì gbà á láyè.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi máa ń le? Ó máa ń le nítorí pé àdúgbò kì í ṣe ilé àti ọ̀nà nìkan. Ó jẹ́ ìsìnkú, ó jẹ́ ìkómọ, ó jẹ́ ọdún ìbílẹ̀, ó sì jẹ́ ìbúra. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa ni ti Ayélála, òrìṣà tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ó máa ń tú olè àti ọ̀dàlẹ̀ fó. Bí ohun iyebíye bá sọnù nínú agbo ilé kan, tí àwọn àgbà sì ní kí gbogbo ènìyàn wá fi Ayélála búra, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ irú ìbúra bẹ́ẹ̀ yóò wà láàárín iná àti ọ̀dá. Bí ó bá búra, ọkàn rẹ̀ yóò dá a lẹ́bi. Bí kò bá búra, àwọn ènìyàn yóò ní òun ni olè. Kò jalè, kò sì fẹ́ ba àdúgbò jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tí àdúgbò fi sílẹ̀ fún un láti fi òdodo rẹ̀ hàn ni ọ̀nà tí kò lè gbà.

Ilé ẹjọ́ ti rí ojútùú sí irú wàhálà yìí. Bí ẹlẹ́rìí bá dé iwájú adájọ́, Kìrìsìtẹ́nì lè di Bíbélì mú, Mùsùlùmí lè di Kùránì mú, oníṣẹ̀ṣe lè fi irin búra, ẹni tí kò sì fẹ́ búra rárá lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Òtítọ́ kan náà ni ilé ẹjọ́ ń wá lẹ́nu gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ṣí ju ilẹ̀kùn kan lọ sílẹ̀ fún òtítọ́ náà láti wọlé. Kí olùgbọ́ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò padà wá di kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí àdúgbò kò bá ṣí ilẹ̀kùn kejì fún wọn? Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ kò jìnnà sí Òkìtìpupa, ìlú Ayétòrò ní etí òkun Ìlàjẹ sì ni. Kì í ṣe Ayétòrò ti ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí kò ṣe èyí tí ènìyàn yóò ti Òkìtìpupa wọkọ̀ dé Ìgbókòdá, tí yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń dá ìlú náà sílẹ̀, abẹ́ ìṣàkóso Òkìtìpupa ni gbogbo agbègbè náà wà, nítorí náà ìtàn Ayétòrò jẹ́ ara ìtàn agbègbè ìṣàkóso Òkìtìpupa àtijọ́.

Àwọn tí ó dá Ayétòrò sílẹ̀ ti inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù jáde wá, ìyẹn ìjọ aládùúrà tí Mósè Orímóládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó, àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925. Aládùúrà ni orúkọ tí a fún àwọn tí ó fi àdúrà, ìran rírí àti ìwòsàn nípa àdúrà ṣe òpó ìsìn wọn. Nígbà tí ìgbàgbọ́ yìí dé àárín àwọn apẹja Ìlàjẹ, àwọn kan gbà á débi pé wọn kò lè bá aládùúgbò wọn ṣe oríṣìíríṣìí àṣà ìgbà náà mọ́. Nínú ìtàn tí àwọn ará Ayétòrò ń sọ nípa ara wọn, ìjà wọn sí àṣà pípa ìbejì wà ní iwájú, wọ́n sì kọ ìbọ òrìṣà pẹ̀lú. Èyí mú kí ìjọ̀gbọ̀n bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn olórí abúlé, ojú wọn sì rí màbo. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1947, wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ àwọn olórí bíi Zacchaeus Òkénlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìlú tuntun létí òkun. A ń pè wọ́n ní Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, Òkénlà sì ni ó kọ́kọ́ jẹ Ògelóyìnbó, èyí tí í ṣe orúkọ oyè ọba ìlú náà, tí ó jẹ́ olórí ìlú àti olórí ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ilẹ̀ wo ni wọ́n lọ? Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni, níbi tí òkun àti irà ti pàdé, tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ kí ó má rì dé orókún. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n sì to pátákó tẹ̀lé pátákó títí ó fi di ọ̀nà tí ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá rò ó dáadáa yóò mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó máa fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé orí ẹrẹ̀ nítorí ìgbádùn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí wọn yóò ti gbàdúrà bí ọkàn wọn ṣe fẹ́, tí wọn yóò sì tọ́ ọmọ wọn láìsí ẹni tí yóò mú wọn. Wọ́n ní àdúgbò tẹ́lẹ̀. Àwùjọ ni wọ́n lọ wá.

Kí ni wọ́n jèrè nínú rẹ̀? Èrè náà ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu. Wọ́n pinnu pé ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ṣe sọ nípa àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́. Nígbà náà, bí apẹja bá ti òkun dé pẹ̀lú ẹja, kì í gbé e lọ fún aya rẹ̀ kí ó lọ tà á fún àǹfààní ilé tirẹ̀ nìkan; ti ìlú ni ẹja náà, owó tí a bá pa lórí rẹ̀ sì ń wọ àpò ìlú. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó oṣù, ṣùgbọ́n àpò ìlú ni ó ń bọ́ ọ, tí ó ń dá aṣọ fún un, tí ó sì ń pèsè ibùgbé fún un. Owó tí wọ́n kó jọ báyìí ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ, tí wọ́n fi dá iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ káfíńtà, ilé ìfọṣọ àti ilé búrẹ́dì sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò láti inú ẹ̀rọ amúnáwá ti ara wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, Ayétòrò sì sọ àyà náà débi tí gbogbo ayé gbọ́.

Kí ni wọ́n san fún un? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì bíi ti èkíní. Ìgbà kan wà tí àwọn ọkùnrin ń gbé ní apá kan ìlú, tí àwọn obìnrin ń gbé ní apá kejì, tí ọmọ sì ń dàgbà lábẹ́ àbójútó ìlú ju ti bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní òwò ti ara rẹ̀ kò ní àyè láti ṣe é. Àwọn tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ kò kùn, nítorí pé ojú wọn là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yàn án, àti pé ìyà tí wọ́n ti jẹ níbi tí wọ́n ti wá mú kí ẹrù tuntun náà fúyẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n bàbá ni ó yan Ayétòrò, ọmọ kò yàn án. Inú rẹ̀ ni a bí i sí. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní èrò tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà, ipò wo ni ó wà? Ipò tí bàbá rẹ̀ wà ní abúlé àtijọ́ gan-an ni, ìyẹn ipò ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àdúgbò rẹ̀.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí wà, ó sì tọ́ kí a tún un sọ kí ó lè wọ etí dáadáa. Àwùjọ tí ó bá ènìyàn mu kì í ṣe èyí tí ó gba ìgbàgbọ́ rẹ̀ wọlé nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò fi àyè sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí èrò rẹ̀ bá tún yàtọ̀, tí yóò sì fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan kò tó. Ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Ibi ìsádi tí kò ní ilẹ̀kùn àbájáde yóò padà di irú ibi tí a sá kúrò.

Ayétòrò fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ọdún 1960 sí 1970 ń lọ sópin, ètò ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, a sì gba àwọn ará ìlú láyè láti ní òwò àti ohun ìní ti ara wọn. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá láti ilẹ̀ Kánádà, tí ó ṣe ìwádìí níbẹ̀, kọ ìwé tí ó jáde ní ọdún 1977 lórí bí ìlú náà ṣe ròkè àti bí ó ṣe rẹlẹ̀. Lóòótọ́ ni ọrọ̀ ìlú náà kò rí bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́ lẹ́yìn àyípadà náà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a rí: ìjọ wà níbẹ̀ títí di òní, Ògelóyìnbó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ sì ń pe ara wọn ní ará Ayétòrò pẹ̀lú ìyangàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Ètò lè kú kí àwùjọ má kú, bí àwùjọ bá lè tẹ̀ kí ó má ṣẹ́.

Ǹjẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ sí? Rárá o. Gbogbo Mùsùlùmí ni ó mọ̀ pé nígbà tí ìnilára pọ̀ ní Mẹ́kà, Ànábì Muhammad àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, àti pé ọdún ìṣípòpadà náà ni a fi bẹ̀rẹ̀ kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí. Ní ti àwọn oníṣẹ̀ṣe, ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó dà bí òjìji Ayétòrò tí a yí sódì. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tí a bí sí ìlú Detroit ní ọdún 1928, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter King, wá àwùjọ tí yóò ti lè sin òrìṣà àwọn baba ńlá rẹ̀ láàárín àwọn tí ó ka ìsìn bẹ́ẹ̀ sí ohun ẹ̀gàn. Ní ọdún 1959, a ṣe ètùtù ìgbàwọlé fún un ní Matanzas ní ilẹ̀ Kúbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, òun àti àwọn ará Kúbà tí ó wà ní New York kò rí i bákan náà mọ́ lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣe ìsìn náà ní gbangba. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina, ó sì jọba níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi Kìíní.

Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ṣe kọjú síra wọn. Àwọn ará Ayétòrò fi òrìṣà sílẹ̀ tẹ̀lé Kírísítì. Àwọn ará Ọ̀yọ́túnjí fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tẹ̀lé òrìṣà. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀sìn nìkan yóò ní ọ̀tá ara wọn ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ọkàn ènìyàn yóò rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, ìyẹn ibi tí ènìyàn yóò ti jí ní òwúrọ̀ tí kò ní fi ohun tí ó gbà gbọ́ pamọ́ kí ó tó jáde. Ẹgbẹ́ ẹja ni ẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Iye àwọn tí ó ń gbé Ọ̀yọ́túnjí ti dín kù púpọ̀ sí ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ó ti ibẹ̀ mọ ọ̀nà òrìṣà, tí wọ́n sì padà sílé wọn láti máa bá ìgbésí ayé wọn lọ.

Ǹjẹ́ dandan ni kí ènìyàn kó kúrò ní ìlú rẹ̀ kí ó tó rí àwùjọ? Kì í ṣe dandan. Àpẹẹrẹ méjì mìíràn yóò fi èyí hàn. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá wà níbẹ̀ sì máa ń rí i pé ìgbàgbọ́ òun kò ní ibùjókòó. Ní ọdún 1954, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, Lateef Adégbìtẹ́ sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Wọn kò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọn kò sì bá olùkọ́ wọn jà. Wọ́n jókòó nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé ara wọn láti gbàdúrà àti láti gba ara wọn níyànjú. Àdúgbò wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwùjọ.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Táì Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí kò fi bò rí pé òun kò sí nínú ẹ̀sìn kankan, ní ilẹ̀ tí ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ní ọdún 1956, òun àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ẹ̀kọ́ ìsìn kò ti sí lára iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ tí ó fún ilé ẹ̀kọ́ náà ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn onígbàgbọ́ tí a ń ni lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. Ó yẹ kí èyí mú kí olùgbọ́ ronú jinlẹ̀, pé ẹni tí kò ní ẹ̀sìn mú orúkọ láti inú ìtàn àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, bí ẹni pé ó mọ̀ pé ìrìn àjò kan náà ni. Àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n kún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn òbí wọn sì ń mú wọn wá nítorí pé wọ́n rí iṣẹ́ àti ìwà níbẹ̀. Bàbá náà yàtọ̀ sí àdúgbò rẹ̀, síbẹ̀ ó wúlò fún àdúgbò rẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí ó wà ní Òkìtìpupa tàbí ní Òde-Ìrèlè lónìí ṣe lè mọ àwùjọ tí yóò bá a mu? Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ìlú òkèèrè wá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní ìlú Òkìtìpupa, ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán wá sìn, ó sì lè jẹ́ ìyàwó tí a gbé wọ ilé tí wọn kì í gbàdúrà bíi ti ilé bàbá rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó mọ ohun tí òun gbà gbọ́ gan-an, kí ó sì ya ohun tí kò lè fi sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn jẹ́ àṣà tí ó ti mọ́ ọn lára, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjà ni a ń jà lórí ohun tí kò tó ìjà. Lẹ́yìn náà, kí ó fara balẹ̀ wo àwùjọ tí ó bá fẹ́ wọ̀ kí ó tó fi ọkàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Kí ni kí ó máa wò? Kí ó wò bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ti kúrò láàárín wọn. Bí ẹni tí ó kúrò bá ṣì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kí lọ́jà, tí wọ́n sì ń bá ṣọ̀fọ̀, ìyẹn jẹ́ àmì rere, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ẹni ègún tí ọmọ ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá jẹun mọ́, kí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe òun náà ní ọjọ́ kan. Kí ó wo ẹni tí ó ń ka owó àti ẹni tí ó ń gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Kí ó wò bóyá ọmọdé lè béèrè ìbéèrè kí àgbà sì dáhùn láìbínú. Kí ó sì ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ó kọ́kọ́ kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kí òun tó gbà á, nítorí ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, àwùjọ tí a bá sì fi ìkórìíra ará ilé ẹni mọ, ìkórìíra náà ni yóò wó o.

Ojúṣe àdúgbò ńkọ́? Ojúṣe àwọn àgbà àdúgbò ni pé kí wọ́n ṣe bí ilé ẹjọ́ ti ṣe lórí ìbúra, kí wọ́n wá ọ̀nà kejì fún ẹni tí kò lè gba ọ̀nà kìíní. Ẹni tí kò lè dá owó ẹran ètùtù lè dá owó títún ọ̀nà ṣe. Ẹni tí kò lè jó níwájú ojúbọ lè gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àgbà bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń fà á mọ́ra. Àdúgbò tí ó bá lé gbogbo ẹni tí ó yàtọ̀ lọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọgbọ́n, agbára àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé apẹja, aránṣọ àti káfíńtà tí ó kọ́ Ayétòrò jẹ́ ọmọ abúlé kan kí wọ́n tó di ọmọ Ayétòrò, àti pé iná tí ó tàn létí òkun ní ọdún 1953 ìbá ti tàn ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn.

Ó ku ohun kan nípa Ayétòrò kí ọ̀rọ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, ó sì ti ba ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìtọ́jú aláìsàn jẹ́, àwọn ìdílé kan sì ti kó ilé wọn sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbì òkun kì í béèrè ẹ̀sìn. Ìlú tí a dá sílẹ̀ nítorí àtikúrò láàárín aládùúgbò wá di ìlú tí ó ń ké pe gbogbo aládùúgbò, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, pé kí wọ́n bá òun gbóhùn sókè. Ó tọ́ kí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bá wọn gbóhùn sókè. Ẹni tí ó bá kúrò ní àdúgbò nítorí ìgbàgbọ́, kí ó má fọ́ afárá tí ó gbà kọjá, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun tàbí àwọn tí ó fi sílẹ̀ yóò tún nílò rẹ̀.

Àpèjúwe kan ni a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí: kí àwọn tí ó bá ń ṣe pùpùrù lálẹ́ òní wo àjà orí iná wọn. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ títí ó fi rọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì mọ ní ìṣù bìrìbìrì ni ó jókòó sórí àjà náà. Ìṣù kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọn kò lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, ṣùgbọ́n iná kan náà ni ó ń yá gbogbo wọn, èéfín kan náà ni ó sì ń gbẹ wọ́n. Bí a bá tẹ̀ wọ́n mọ́ra jù, inú wọn kò ní gbẹ, wọn yóò sì bu. Bí a bá sì gbé ọ̀kan jìnnà sí iná, òun náà kò ní jiná. Àlàfo díẹ̀ láàárín ìṣù àti ìṣù ni ó ń jẹ́ kí gbogbo wọn dára. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí láàárín Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe àti ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀: kí olúkúlùkù wà ní ìrísí tirẹ̀, kí àlàfo wà, kí ẹnikẹ́ni má sì jìnnà sí iná.